Ibi Tí A Bá Pè Lórí: Ìtàn Ìtòtẹ̀léra Báìtì Láàárín Àwọn Kọ̀ǹpútà àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àkọsílẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi ibẹ̀ tẹlẹ̀. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn dé inú ọ̀rọ̀ kan tó dà bí ẹni pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ló kàn, àmọ́ tó kan gbogbo àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú èdè wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan gba oríkì ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó sì gbé fáìlì rẹ̀ wá fún wa. Nígbà tí a ṣí i lórí ẹ̀rọ tiwa, lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà àti Kòríà ló kún ojú ìwé. Ìyá àgbà náà sì ti papòdà nígbà yẹn. Báwo ni oríkì Yorùbá ṣe di èdè Ṣáínà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án? Ìbéèrè yìí ló bí iṣẹ́ tí a gbé kalẹ̀ yìí.

Kí ni ìtòtẹ̀léra báìtì?

Báìtì ni ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan. Nọ́ńbà tí báìtì kan lè gbà kò ju 0 sí 255 lọ. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó pín in sínú báìtì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo 1,000. Ọ̀nà mẹ́ta 256 ni, tí 232 wá lé e. Báìtì rẹ̀ méjèèjì ni 3 àti 232. Èwo ni yóò ṣíwájú? Bí ẹ̀rọ kan bá kọ 3 kó tó kọ 232, tí ẹ̀rọ kejì sì rò pé èyí tó kéré ló ṣíwájú, 1,000 yóò di 59,395.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Bí a bá pe mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́nu, ẹẹ́rin ni a kọ́kọ́ dárúkọ, kí a tó kan ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní 34, ọgbọ̀n ló ṣíwájú. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀; àdéhùn ló yàtọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a pe ìlànà tó ń fi èyí tó tóbi ṣíwájú ní orí-ṣáájú, a sì pe èkejì ní ẹsẹ̀-ṣáájú.

Bí àwọn ẹ̀rọ ṣe pín sí méjì

Ní 1964, iléeṣẹ́ IBM kéde System/360, ẹ̀rọ orí-ṣáájú. Ní 1970, iléeṣẹ́ DEC gbé PDP-11 jáde, tó ń fi báìtì kékeré ṣíwájú. Intel tẹ̀ lé ìlànà ẹsẹ̀-ṣáájú nínú 8086 ní 1978, Motorola sì mú orí-ṣáájú fún 68000 ní 1979. Bí fáìlì bá kúrò lórí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn, wàhálà dé. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ sọ ọ́ ní ìṣòro NUXI, nítorí pé bí báìtì bá pààrọ̀ àyè ní méjì méjì, UNIX á di NUXI.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1980, Danny Cohen kọ ìwé kan láti fi pẹ̀tù sí ìjà náà. Inú ìtàn Gulliver tí Jonathan Swift tẹ̀ jáde ní 1726 ló ti yá orúkọ fún ìhà méjèèjì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jagun lórí ibi tó yẹ kí a ti fọ́ ẹyin. Kókó ọ̀rọ̀ Cohen ni pé kí gbogbo ayé fẹnu kò ṣe pàtàkì ju ìhà tí wọ́n bá mú lọ.

Àdéhùn tó mú kíkà rọrùn

Ìlànà Íntánẹ́ẹ̀tì tó jáde ní 1981 mú orí-ṣáájú fún ohun tó bá ń lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ní 1987, iléeṣẹ́ Sun tẹ XDR jáde: ohun gbogbo ní orí-ṣáájú, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po báìtì mẹ́rin. Nígbà tí Java dé ní 1996, ẹ̀yà rẹ̀ tó ń ka nọ́ńbà láti inú ìṣàn báìtì ń kà á ní orí-ṣáájú, irú ẹ̀rọ yòówù tí ì báà wà lórí rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Fáìlì àwòrán TIFF, tí Aldus gbé jáde ní 1986, ń sọ ìhà tirẹ̀ níbẹ̀rẹ̀: II dúró fún ẹsẹ̀-ṣáájú, MM sì dúró fún orí-ṣáájú.

Ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí gbogbo wọn. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ da báìtì sínú ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó sì gbà pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá. Kí ó mú báìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ èyí tó tóbi di ìlọ́po 256, kí ó wá ro èyí tó kéré pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìhà tí ẹ̀rọ tirẹ̀ wà kò ní ṣe nǹkan kan.

Ibi tó ti kan èdè wa

Nínú Unicode, nọ́ńbà lẹ́tà ẹ ni 7,865. Ní báìtì méjì, 30 àti 185 ni. Bí a bá yí wọn padà, lẹ́tà Kòríà ni yóò jáde. Bákan náà ni ọ, tó jẹ́ 30 àti 205. Lẹ́tà a jẹ́ 0 àti 97. Bí a bá yí i, lẹ́tà Ṣáínà ni. Ohun tó ṣe oríkì akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyẹn. Fáìlì náà kò ní àmì ìbẹ̀rẹ̀ tí Unicode pèsè láti fi sọ ìhà. Nígbà tí a sọ fún ẹ̀rọ wa pé kí ó kà á láti ìhà kejì, oríkì náà padà bọ̀ sípò, tàmì-tàmì.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé àkọsílẹ̀ lè wà láàyè kí ó sì dà bí òkú, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ kò sọ ibi tó pè lórí. A dámọ̀ràn pé kí àwọn ẹ̀ka èdè wa máa fi UTF-8 tọ́jú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ken Thompson àti Rob Pike ló ṣe é ní 1992. Báìtì kọ̀ọ̀kan ni a fi ń kà á, nítorí náà kò ní ìjà orí àti ẹsẹ̀. Kí a sì máa kọ irú fáìlì tó jẹ́ sí ara iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lékè gbogbo rẹ̀, bí fáìlì bá ṣí ní rúdurùdu, kí a má ṣe yára pa á rẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni a fi kí i níbi tó yẹ kí a fi orí kí i.