Òkúta Tó Wà Nídìí Tìróò

Ní ọjà Ìkọ̀tún, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń ta ọṣẹ dúdú, osùn àti káún, èèyàn kì í pẹ́ rí tìróò: ẹbu dúdú tó ń dán, nínú ike kékeré tàbí àpò awọ, pẹ̀lú ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fi ń lé e. Ìyàwó ń lé e, ìyá àgbà ń lé e, wọ́n sì ń lé e fún ọmọ ọwọ́ kí ojú rẹ̀ lè mọ́ kedere. Bí oníbàárà bá béèrè ibi tó ti wá, wọ́n lè ní òkè Ọya ni. Irọ́ kọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣì kù nílẹ̀.

Òkúta ni tìróò àtijọ́. Galena ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é: òjé àti imí-ọjọ́ tó so pọ̀, tí òjé kó 86.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Òjé yìí náà ni àwọn ọlọ́bàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì ti wa òkúta náà ní Gebel Zeit, lẹ́bàá Òkun Pupa, láti fi kun ojú, ó sì lé ní 3,500 ọdún sẹ́yìn.

Ohun tí àwọn Gíríìkì ń wá nínú tiwọn yàtọ̀. Fàdákà a máa sá pamọ́ sínú galena: átọ́ọ̀mù fàdákà kan àti ti antimony kan a jọ gba àyè òjé méjì. Ní Laurion, nítòsí Athens, wọ́n á yọ́ òkúta náà di òjé, wọ́n á tún yọ́ òjé ọ̀hún nínú ààrò, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i títí òjé á fi di ìdàrọ́, tí fàdákà nìkan á ṣẹ́ kù. Ní nǹkan bí ọdún 483 ṣáájú ìbí Krístì, Themistocles, aṣáájú kan ní Athens, rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má pín owó fàdákà náà, kí wọ́n fi kan ọkọ̀ ogun. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ́gun Páṣíà ní Salamis.

Ti Nàìjíríà wà ní Enyigba, Ameka, Ameri àti Ishiagu ní ìpínlẹ̀ Ebonyi, ó sì gba àfonífojì Benue lọ títí dé Zurak ní Plateau. Ẹrẹ̀ òkun ni ilẹ̀ agbègbè Abakaliki, olú-ìlú Ebonyi, ní ohun tó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó gan di òkúta, omi iyọ̀ gbígbóná gba inú sísán rẹ̀ gòkè, ó ru òjé àti síńkì dání, ó pàdé imí-ọjọ́, ó sì já ẹrù rẹ̀ síbẹ̀. Omi iyọ̀ ṣì ń sun ní Okposi àti Uburu, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ti ń sè é di iyọ̀ látayébáyé. Àwọn ará agbègbè Abakaliki ti ń wa galena fún ojú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá fi ẹ̀rọ wà á. Àmọ́ irú òkúta inú omi iyọ̀ báyìí kì í sábà ní fàdákà púpọ̀. Abakaliki kò di Laurion. Bóyá ìyẹn ló fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onítìróò.

Májèlé ni òjé, àmọ́ galena kì í tètè yọ́ nínú omi lásán. Ohun tó ń yí i padà ni afẹ́fẹ́ àti òjò: tí wọ́n bá pẹ́ lára rẹ̀, imí-ọjọ́ a fi òjé sílẹ̀, òjé a di kábọ́nétì tí omi inú ikùn ń tètè yọ́. Irú rẹ̀ ló wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé ní Zamfara, níbi tí àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ti kú lọ́dún 2010.

Tìróò kò pa tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n lé e fún a máa nu ojú, a sì máa fi ìka náà sẹ́nu. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé tìróò Nàìjíríà fún. Wọ́n yẹ tìróò náà wò: òjé inú rẹ̀ jẹ́ 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Galena tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà ni.

Àwọn mìíràn ń ta èyí tí wọ́n fi èédú ṣe, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ sí wọn. Ọwọ́ lè fura díẹ̀, nítorí galena wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po méje àtààbọ̀, èédú sì fúyẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti po méjèèjì pọ̀, ilé àyẹ̀wò nìkan ló kù.