Fáìlì

Ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà, ohun tí akọ̀wé mọ̀ sí fáìlì ni páálí tí a kó ìwé sí, tí ìránṣẹ́ ń gbé láti tábìlì dé tábìlì títí ọ̀gá yóò fi buwọ́ lù ú. Fọ́nrán òwú ni ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, filum lẹ́nu àwọn ará Róòmù, nítorí okùn ni àwọn ará Yúróòpù ìgbàanì fi ń sín ìwé pọ̀. Èyí kò sì jìnnà sí àrokò àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n ń sín owó ẹyọ mẹ́fà sórí okùn ránṣẹ́ sí ẹnì kan, pé ọkàn àwọn fà sí ẹni náà.

Nínú SharePoint, ètò kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ fi ń jọ lo fáìlì, tí Microsoft gbé jáde ní 2001, fáìlì kì í rìn mọ́: òṣìṣẹ́ ló ń wá bá a lójú kan, bí ẹnì kan bá sì ti fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ tí a ti ṣètò ni yóò fúnra rẹ̀ ké sí ẹni tó kàn.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin akọ̀wé wa, ẹ sọ fáìlì yín lórúkọ tó yéni, kí ẹni tí yóò gba ipò yín lè rí i.