Iye Tí Ọkọ̀ Ń Ná Ni Ní Tòótọ́: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó Mọ̀ Kí Ó Tó Yáwó Tàbí Gba Ọkọ̀ Háyà-Pọ́ṣéèsì

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọkọ̀ kì í ṣe ohun ìgbádùn lásán. Òun ni ó ń gbé òṣìṣẹ́ dé ibi iṣẹ́, òun ni ó ń kó ẹrù ọlọ́jà kúrò ní Mile 12, òun náà sì ni oúnjẹ òòjọ́ awakọ̀ dánfó, kórópe àti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè san gbogbo owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò pọ̀, pàápàá láti ìgbà tí iye náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023 tí owó tọ́kúnbọ̀ sì gòkè. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí. Iye tí oníṣòwò bá dá lé ọkọ̀ kọ́ ni iye tí ọkọ̀ náà yóò ná yín. Ohun méjì ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀: àpapọ̀ owó tí ẹ ó ti san nígbà tí gbèsè bá tán, àti ẹni tí òfin kà sí olówó ọkọ̀ títí di ọjọ́ náà.

Ọ̀nà márùn-ún tí a ń gbà rí owó ọkọ̀

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni owó tí a tọ́jú fúnra ẹni, yálà sí báńkì, lọ́wọ́ alájọ, tàbí nínú èésú. Kò sí èlé níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín. Àléébù rẹ̀ ni pé owó ọjà lè gòkè kí owó yín tó pé.

Ọ̀nà kejì ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì owó tí ó ti kó jọ, èlé wọn a sì máa kéré sí ti báńkì. Wọn a máa béèrè onídùúró láàárín ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ rántí pé bí ẹ kò bá san, onídùúró ni yóò san án.

Ọ̀nà kẹta ni ẹ̀yáwó báńkì. Báńkì yóò béèrè owó àkọ́san àti ẹ̀rí owó tí ń wọlé fún yín, yóò sì fi ọkọ̀ náà ṣe ohun ìdógò. Èlé báńkì ń tẹ̀lé ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, èyí tí ó gbé ìwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.50% ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Báńkì tí ó ń yáni lówó a sì tún máa fi tirẹ̀ lé e.

Ọ̀nà kẹrin ni báńkì tí kì í gba èlé, irú bí Jaiz, TAJBank àti Lotus. Báńkì náà ni yóò ra ọkọ̀, yóò fi èrè tí ẹ jọ fẹnu kò sí lé e, yóò sì tà á fún yín láti máa san díẹ̀díẹ̀. Iye náà kì í yí padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé. Kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ni ó lè lò ó. Síbẹ̀, ẹ fi èrè náà wé èlé ibòmíràn kí ẹ tó gbà á.

Ọ̀nà karùn-ún ni háyà-pọ́ṣéèsì, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín awakọ̀ èrò. Ẹ ó máa lo ọkọ̀, ẹ ó sì máa dá owó ọ̀sẹ̀ tàbí ti oṣù. Ọkọ̀ kò tíì di tiyín títí ẹ ó fi san owó ìkẹyìn, nítorí náà ẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á tàbí láti fi í dógò.

Èlé kan, ìṣirò méjì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń béèrè pé, “Èló ni èlé?” tí wọn kò sì béèrè bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé ọkọ̀ kan jẹ́ ₦5,000,000. Ẹ san ₦2,000,000 sílẹ̀, ẹ sì yá ₦3,000,000 fún oṣù 24 ní èlé 30% lọ́dún.

Bí ẹni tí ó yá yín bá ń ṣírò èlé lórí gbogbo owó tí ẹ yá láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, èlé yóò jẹ́ ₦900,000 lọ́dún, ìyẹn ₦1,800,000 fún ọdún méjì. Ẹ ó máa san ₦200,000 lóṣooṣù. Ọkọ̀ mílíọ̀nù márùn-ún ti di ₦6,800,000.

Bí ó bá jẹ́ pé orí gbèsè tí ó ṣẹ́kù nìkan ni ó ti ń ṣírò èlé, ẹ ó máa san nǹkan bí ₦167,700 lóṣooṣù. Gbogbo èlé yóò jẹ́ nǹkan bí ₦1,026,000, ọkọ̀ yóò sì ná yín ní nǹkan bí ₦6,026,000.

30% ni a kọ sórí ìwé méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín wọn lé ní ₦770,000. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìdá èlé nìkan díwọ̀n. Ẹ sọ pé kí wọ́n kọ àpapọ̀ owó tí ẹ ó san sílẹ̀ fún yín, títí kan owó ìwé àti owó iṣẹ́ báńkì.

Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó gba ọkọ̀ háyà-pọ́ṣéèsì

Ẹ wo awakọ̀ kan tí àdéhùn rẹ̀ jẹ́ ₦5,000,000, tí ó sì ti san ₦3,500,000. Àìsàn dá a dúró, kò rí owó ọ̀sẹ̀ méjì san. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, olówó ọkọ̀ rán àwọn ọmọkùnrin wá, wọ́n wa ọkọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú òfin.

Òfin Háyà-Pọ́ṣéèsì ti ọdún 1965 sọ pé bí ẹ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àpapọ̀ owó àdéhùn, olówó ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ₦3,000,000 ni ìdá náà, awakọ̀ sì ti kọjá rẹ̀. Bí olówó bá fi agbára gba ọkọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àdéhùn ti fọ́, ẹni tí ó gba ọkọ̀ sì lè gba gbogbo owó tí ó ti san padà nípasẹ̀ ilé-ẹjọ́.

Òfin náà kò gbàgbé olówó ọkọ̀. Bí ìgbà ìsanwó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kọjá láìsan, ó lè gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí yóò ti wà ní ààbò títí ilé-ẹjọ́ yóò fi dájọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbèsè pé mẹ́ta kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá rí i pé apá yín kò ká a mọ́, ẹ lè kọ ìwé láti dá ọkọ̀ padà. Ẹ ó san èyí tí ó ti pé, ẹ ó sì fi kún un títí owó tí ẹ ti san yóò fi tó ìdajì àpapọ̀ owó àdéhùn. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ nítorí àìtọ́jú, ẹ ó dáhùn fún ìyẹn pẹ̀lú.

Ẹ̀rí ni gbogbo ẹ̀tọ́ wọ̀nyí dúró lé. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé àdéhùn tí ó sọ iye ọkọ̀ bí a bá san án lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ owó háyà-pọ́ṣéèsì, àti iye àti ọjọ́ ìsanwó kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa san owó gba báńkì, tàbí kí ẹ gba rìsíìtì.

Owó tí kò sí nínú iye ọkọ̀

Ẹ ṣírò ìwé ọkọ̀, nọ́ńbà, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ fún ojú pópó, epo, táyà àti owó mẹkáníìkì. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, owó adójútòfò tí òfin fi dandan lé fún ọkọ̀ aládàáni jẹ́ ₦15,000 lọ́dún. Ìyẹn wà fún ìpalára tí ọkọ̀ yín bá ṣe fún ẹlòmíràn. Kò dáàbò bo ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá jí ọkọ̀ tí gbèsè rẹ̀ kò tíì tán, gbèsè ṣì wà. Ìdí nìyí tí báńkì fi máa ń béèrè adójútòfò kíkún, tí owó rẹ̀ ga ju ìyẹn lọ dáadáa.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

Ẹ wo nọ́ńbà ṣáṣí ọkọ̀, kí ẹ rí i pé ó bá ìwé owó orí Kọ́sítọ́ọ̀mù mu, nítorí Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gba ọkọ̀ tí a kò san owó orí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á láìmọ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ní National Collateral Registry, tí Báńkì Àpapọ̀ dá sílẹ̀, láti mọ̀ bóyá ẹnìkan ti fi ọkọ̀ náà dógò. Ẹ béèrè ohun tí ìjìyà àìsan lásìkò jẹ́, àti bóyá ẹ lè san gbèsè tán ṣáájú àkókò láìsan owó ìtanràn.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, báńkì tí ẹ jẹ ní gbèsè tí ó ti pé lè fa owó náà jáde nínú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN yín.

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín ṣe ìdájọ́. Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń parí aáwọ̀ láàárín olówó ọkọ̀ àti awakọ̀ láìgba owó. Office of the Public Defender ń ran àwọn tí kò ní agbára láti gba agbẹjọ́rò lọ́wọ́. Ẹ mú ìwé àdéhùn àti rìsíìtì yín dání bí ẹ bá ń lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú ìdílé yín, ẹ ṣírò ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín bí ẹ ó ṣe san owó oṣù tí iṣẹ́ kò bá lọ déédéé. Bí ẹ bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn, ọkọ̀ náà lè gbé yín lọ síwájú.