Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Iṣẹ́ Open Source Ṣì Wà Láàyè

Nígbà tí Linus Torvalds gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, jáde ní 1991, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ yóò ka lẹ́tà tí àwọn tó ń ṣe é ń kọ síra wọn, yóò wo ọjọ́ tí ẹ̀dà tuntun jáde, yóò sì fi òye gbé e. Ìwọ̀nba ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn sì mọra wọn.

SourceForge, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí, dé ní 1999, iṣẹ́ open source, ìyẹn ètò tí ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀ kí ó sì tún un ṣe, wá pọ̀ débi pé apá ẹnì kan kò lè ká a mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí wọ́n gba ètò kan sórí kọ̀ǹpútà. Ohloh, tí àwọn méjì tó ti ṣiṣẹ́ ní Microsoft dá sílẹ̀ ní 2004, ń ka ìlà kóòdù àti iye ẹni tó kọ ọ́. Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù, tí Torvalds kan náà ṣe ní 2005, ló mú kí kíkà rọrùn: gbogbo àtúnṣe tí ènìyàn bá fi sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní commit, ló ń gbé orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ rẹ̀ dání. Lẹ́yìn tí GitHub, ojúlé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ Git sí, wọlé ní 2008, iye commit àti, nígbà tó yá, iye ìràwọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń sàmì sí iṣẹ́ tó wù wọ́n wá di ohun tí wọ́n fi ń yangàn.

Iye wọ̀nyẹn kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní oṣù kẹrin 2014. OpenSSL ló ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìwọlé àti owó ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àlébù kan tí wọ́n sọ ní Heartbleed ti wà nínú rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó rí i. Ìgbà náà ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, àti pé owó ìtìlẹ́yìn tó ń wọlé lọ́dún kò ju nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ olówó rẹpẹtẹ ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun ìtìjú gbáà ni.

Ìbéèrè wá yí padà. Ní 2017 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ CHAOSS sílẹ̀ lábẹ́ àjọ Linux Foundation láti wá ìṣirò tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìlera irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mélòó ló ṣe ìdajì iṣẹ́ náà? Bó bá jẹ́ ẹnì kan, tí àìsàn bá dá a dúbúlẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ni àlejò tó mú àtúnṣe wá ń dúró kí wọ́n tó dá a lóhùn? Nínú àwọn tó wọlé lọ́dún tó kọjá, mélòó ló kù? Ruth Ikegah, ọmọ Nàìjíríà, ló ṣe aṣáájú CHAOSS Africa. Ṣáájú ni Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom ti dá Open Source Community Africa sílẹ̀ ní 2018, wọ́n sì pe àpéjọ ńlá wọn àkọ́kọ́ sí Èkó ní oṣù kejì 2020.

Lọ́dún 2020 yẹn náà ni Hacktoberfest, ètò ọdọọdún tó ń rọ àwọn ènìyàn láti kópa nínú iṣẹ́ open source, fi hàn pé iṣẹ́ púpọ̀ lè jẹ́ ìyà. Ẹni tó bá mú àtúnṣe mẹ́rin wá ni wọ́n máa fún ní ẹ̀wù. Àìmọye ènìyàn yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú ìwé àlàyé, wọ́n fi ránṣẹ́. Àwọn tó ni iṣẹ́ lo òru láti máa dá pàǹtírí padà, títí àwọn olùṣètò fi yí òfin padà.

Wikipedia Yorùbá tiwa kò yàtọ̀: iye nìkan kò sọ bí ìlera rẹ̀ ṣe rí. Àyọkà inú rẹ̀ lé ní 30,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju ìlà díẹ̀ lọ. Ní ojú ewé ìṣirò rẹ̀, ó ya iye àwọn tó ṣiṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń wò ṣáájú.

Nínú iṣẹ́ open source, oṣù kẹta 2024 ló wá múni lẹ́rù jù. Fún ìgbà pípẹ́, Lasse Collin nìkan ló ń gbé XZ Utils, ètò tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀, ó sì ti sọ fáyé pé agara ń dá òun. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti dé láti 2021, ó ń mú àtúnṣe tó dára wá títí wọ́n fi fún un láṣẹ, ó sì fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú rẹ̀. Bí a bá ka commit, iṣẹ́ náà ń jí pépé ni! Andres Freund, ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà kan, ló rí i, nítorí pé ìwọlé kan fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti béèrè iye èjìká tó wà lábẹ́ ẹrù náà, ì bá ti mọ̀ pé ewu ń bẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó dara pọ̀ mọ́, ẹ má fi ìràwọ̀ yàn án. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń gba àtúnṣe, ẹ ka ogún tó kẹ́yìn, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dá àlejò lóhùn àti orúkọ àwọn tó ń fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ orúkọ kan náà lẹ ń rí, ẹ lọ ràn án lọ́wọ́.