Ẹ̀bùn Ọdún ní Ẹdẹ: Oúnjẹ, Ìlù àti Ìwé

Ọdún kì í dé sí ilé Yorùbá kí àwọn ọmọ má retí ẹ̀bùn. Aṣọ tuntun lè ni, owó lè ni, ó sì lè jẹ́ abọ́ oúnjẹ tí aládùúgbò bò tí ó fi ọmọ rán. Ní ìlú Ẹdẹ, iṣẹ́ méjì ni ẹ̀bùn ọdún ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́: ó ń so ilé mọ́ ilé, ó sì ń fi ìmọ̀ ìran lé ọmọ lọ́wọ́. Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé iṣẹ́ kìn-ín-ní kò tí ì yẹ̀, ṣùgbọ́n ìkejì ti ń mẹ́hẹ, ó sì yẹ kí òbí àti olùkọ́ mọ ìdí rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, a ní láti mọ bí ọdún ṣe di púpọ̀ ní Ẹdẹ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé wa pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ni ó rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná lọ máa ṣọ́ ibẹ̀ nítorí ogun àwọn Ìjẹ̀ṣà. Ìdí nìyí tí ọdún Ṣàngó fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàfin Tìmì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Tìmì Hábíbù Lágúnjú, tí í ṣe Mùsùlùmí, gun orí ìtẹ́, ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Láti 1946 títí di 1975, Onítẹ̀bọmi ni ó wà lórí ìtẹ́ kan náà, èyíinì ni Ọba John Adétóyèṣe Láoyè Kìn-ín-ní. Nípa bẹ́ẹ̀, ọdún Ṣàngó, ọdún eégún, Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá àti Kérésìmesì lè kan agbo ilé kan ṣoṣo.

Oúnjẹ ni ẹ̀bùn tí ó kọ́kọ́ ń jáde. Bí Mùsùlùmí bá pa àgbò Iléyá, ìpín mẹ́ta ni a gbà á níyànjú láti pín ẹran náà sí: ti ará ilé, ti ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, àti ti aláìní. Bí Kérésìmesì bá dé, abọ́ náà kì í padà lófìfo. Òótọ́ ni pé àwọn oníwàásù kan ń kọminú sí jíjẹ oúnjẹ ọdún ẹlẹ́sìn mìíràn, ọ̀rọ̀ náà sì lè ya ọmọ ìyá méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Yorùbá ń dá sí i ni pé wọn a pe Mùsùlùmí wá dúńbú ẹran wọn, kí àlejò tí í ṣe Mùsùlùmí lè jẹ níbẹ̀ láìṣiyèméjì.

Ẹ̀bùn kejì ni ti ìlù. Àwọn ìdílé Àyàn ni wọ́n ni iṣẹ́ yìí. Igi ọmọ̀ ni a sábà máa ń gbẹ́ fún dùndún. Awọ ọmọ ewúrẹ́ ni a fi ń bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fà láti ojú kan dé èkejì ni onílù sì ń fún mọ́ra láti gbé ohùn sókè, tí ó ń dẹ̀ láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Láti kékeré ni ọmọ Àyàn ti ń gba ìlù kékeré lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí ó sì ń tẹ̀ lé e lọ sílé onílé nígbà ọdún. Ará ilé a fún onílù lówó. Onílù a fi oríkì orílẹ̀ wọn ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé onílù kì í ṣe alágbe lásán níbẹ̀: orúkọ àwọn baba ńlá tí ọmọ ilé lè má gbọ́ rí ni ó gbé wá bá a.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yìí ń béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á. Ohùn ọ̀rọ̀ ni dùndún ń sọ, kò lè pe kọ́ńsónáǹtì. Bí onílù bá lu ohùn ìsàlẹ̀ kan àti ohùn òkè kan, “ìyá” lè ni, “ìlú” lè ni, “ọ̀rẹ́” sì lè ni. Nítorí èyí ni onílù ṣe ń lo òwe àti oríkì gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí kò bá gbọ́ òwe àti oríkì nílé, ariwo ni ìlù yóò jẹ́ létí rẹ̀.

Níbi yìí ni ìwé ti wúlò. Tìmì Láoyè fúnra rẹ̀ mọ ìlù lù dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba ni, ó sì kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959. Lákòókò náà, ọ̀pọ̀ ìjọ ṣì ka ìlù sí ohun òrìṣà. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ládiípọ̀ kò torí èyí jáwọ́. Ní 1963 ó gbé eré Ọba Kò So jáde, nínú èyí tí Tìmì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn pàtàkì. Ọmọ Ẹdẹ tí a bá fi ìwé eré náà ṣe ẹ̀bùn fún yóò bá ìtàn ìlú rẹ̀ pàdé nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé nìkan kò tó, nítorí àmì ohùn orí ìwé kò lè kọ́ apá bí a ti ń fún ìlù. Ìlù nìkan kò sì tó, nítorí ó nílò etí tí ó gbọ́ Yorùbá. Ìlù oníke tí a ń rà lọ́jà nígbà ọdún a máa dùn mọ́ ọmọdé, a kò sì bá ẹnikẹ́ni wí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ki ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn wa ni pé, bí onílù bá yà sílé lọ́dún, kí òbí bẹ̀ ẹ́ kí ó lu oríkì ilé náà díẹ̀díẹ̀, kí ó sì fẹnu sọ ọ́, kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Bí onílù náà bá tún padà dé lámọ́dún, ọmọ yóò mọ ohun tí ó ń wí.