Àtúnṣe Òrùlé Abà Onígi Tó Ti Tẹ̀

Ní Pennsylvania, New York àti Vermont, lápá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, abà onígi tí àwọn àgbẹ̀ kọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún ṣì pọ̀ nílẹ̀. Òkè àjà ni wọ́n ń kó koríko gbígbẹ sí, ẹran ọ̀sìn a sì wà nísàlẹ̀. Ìṣó kọ́ ló mú òpó àti ìtì igi wọn pọ̀: gbẹ́nàgbẹ́nà a dá ihò sára igi kan, a gbẹ́ orí èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè wọ ihò náà, a sì fi èèkàn igi kàn án pa. Bí irú abà bẹ́ẹ̀ bá pẹ́, góńgó òrùlé rẹ̀ a máa tẹ̀ láàárín, ẹni tó bá sì rí i á fẹ́ gbé jáàkì sábẹ́ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni ọ̀nà rẹ̀. Ibi tí òrùlé ti tẹ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tó ti bàjẹ́, ẹni tó bá sì fi jáàkì ṣe ohun àkọ́kọ́ lè fọ́ ilé tó fẹ́ tún ṣe.

Ọ̀pọ̀ òrùlé wọ̀nyí ni kò ní ìtì igi kankan tó gbé góńgó wọn dúró. Igi méjì-méjì ló fara ti ara wọn lókè, tí ẹsẹ̀ wọn tẹ orí ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ìwúwo òrùlé àti yìnyín ìgbà òtútù ń ti ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn síta; igi ìdábùú tó so ògiri kan mọ́ èkejì ni kì í jẹ́ kí wọ́n lọ. Tí òjò bá mú kí igi ìdábùú yìí jẹrà, tàbí tí àgbẹ̀ bá gé e kúrò kí katakata lè ráyè wọlé, ògiri á yà, góńgó á sì wálẹ̀. Ká ní abà fẹ̀ ní mítà 10, tí igi òrùlé kọ̀ọ̀kan sì gùn ní mítà 6: bí ògiri kọ̀ọ̀kan bá yà síta ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, góńgó á wálẹ̀ ní ohun tó lé ní sẹ̀ǹtímítà 15, láìjẹ́ pé igi òrùlé kan ṣẹ́. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ òpó tó ti jẹrà ló ń fa gbogbo rẹ̀ lulẹ̀.

Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dí ojú jíjò, wọ́n á tún ìpìlẹ̀ àti ẹsẹ̀ òpó ṣe, wọ́n á wá ta okùn irin láti ògiri dé ògiri, kí wọ́n máa fún un bí jáàkì ṣe ń gba ìwúwo lórí ògiri. Abẹ́ jáàkì ni wọ́n ń to igi onígun mẹ́rin sí ní ìbú àti ní òòró, wọn a sì há igi mọ́ abẹ́ ẹrù ní gbogbo ìgbà tó bá gòkè díẹ̀, torí jáàkì tó ń fi òróró ṣiṣẹ́ lè rọ̀ wálẹ̀ lóru. Igi ìdábùú tuntun gbọ́dọ̀ dé àyè rẹ̀ kí okùn tó kúrò.

Àwọn kan ní òpó kan lábẹ́ góńgó ti tó. Lóòótọ́, ó lè dín bí ẹsẹ̀ igi ṣe ń ti ògiri kù, ṣùgbọ́n orí pákó àjà ló máa dúró, pákó tí wọn kò tẹ́ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ògiri tó ti yà kò sì ní tìtorí rẹ̀ padà. Àwọn mìíràn ní jáàkì alágbára lè parí iṣẹ́ náà lọ́sàn-án kan. Agbára rẹ̀ tó o, àmọ́ igi tó ti tẹ̀ fún ọdún gbọọrọ ti gba ìrísí yẹn sára. Tí a bá fipá nà án, èèkàn á ṣẹ́, ojú ihò á sì là. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń gbé e ní bíi mìlímítà 3 lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọn kì í sì í bínú bí kò bá nà tán.

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó: pé ó rọrùn láti wó o, kí a kọ́ ti irin. Tí ìdíbàjẹ́ bá ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú òpó, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó bá jẹ́ igi díẹ̀ ló jẹrà, wíwó jẹ́ òfò gidi, pàápàá nínú abà tí wọ́n fi igi chestnut Amẹ́ríkà kọ́. Àrùn olú tí wọ́n kíyè sí ní New York ní 1904 pa igi yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó, àwọn ìtì tó wà nínú abà náà sì wà lára ìwọ̀nba èyí tó kù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.