Ohun Tí Eṣinṣin Tsetse Fi Sílẹ̀ Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ní ọdún 1901, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí odò Gáḿbíà dé ọsibítù ní Bathurst, ìlú tí a ń pè ní Banjul lónìí. Ibà ń ṣe é, oògùn ibà kò sì ràn án. Robert Forde, dókítà ìjọba, yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó rí ohun kan tó ń jà pìtìpìtì níbẹ̀ bí aràn. Kò mọ ohun tó jẹ́. Joseph Dutton tó ti Liverpool wá ló dá a mọ̀: trypanosome ni, ọ̀kan nínú ẹbí kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ó sọ ọ́ ní Trypanosoma gambiense. Òun ló ń fa àìsàn oorun, tí ènìyàn á máa sùn lọ́sàn-án gangan títí ikú yóò fi dé.

Àwọn tí eṣinṣin jẹ tí nǹkan kan kò ṣe ni ìtàn tèmi dá lé. Trypanosome pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pa màlúù àti ẹṣin, tí T. brucei wà lára wọn, kì í lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló mọ ọṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Àwọn ni kò jẹ́ kí ẹṣin Ọ̀yọ́ pẹ́ láyé nínú igbó, tó fi di dandan láti máa ra òmíràn láti òkè ọya. Nítorí wọn ni darandaran Fúlàní fi ń kó màlúù gba àríwá lọ lásìkò òjò. Màlúù N'Dama ti Fouta Djallon wà lára ìwọ̀nba èyí tó lè bá wọn gbé. Eṣinṣin kan náà ló ń jẹ ẹṣin, tó ń jẹ ẹni tó gùn ún. Ẹṣin á kú, ẹni tó gùn ún á máa bá tirẹ̀ lọ. Kí ló fà á?

Ní 1902, Alphonse Laveran, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kíyè sí i pé bí wọ́n bá gún eku tó ní kòkòrò náà lábẹ́rẹ́ omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, kòkòrò náà á kú. Ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko kí a tó mọ ohun tó ń pa á. Ní 2003, Étienne Pays àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels fi hàn pé purotéènì kan ni, APOL1, tí jíìnì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lórí kurómósómù kejìlélógún ń sọ bí ara yóò ṣe ṣe é. Ọgbọ́n rẹ̀ dùn mọ́ mi. Ó máa ń fara mọ́ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ọ̀rá rere. Kòkòrò ń fẹ́ ọ̀rá yìí jẹ, á gbé e mì pọ̀ mọ́ ohun tó wà lára rẹ̀. Tó bá wọnú, APOL1 á dá ihò sí àpò tí kòkòrò fi ń da oúnjẹ. Omi á rọ́ wọlé, kòkòrò á wú, á bẹ́. Gọ̀rílà àti ìwọ̀nba ọ̀bọ díẹ̀ ní irú rẹ̀. Ẹṣin àti màlúù kò ní.

Kòkòrò náà kò káwọ́ gbera. Rhodesiense, ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ní purotéènì tó fi ń mú APOL1 lọ́wọ́ dè. Gambiense tiwa gba ọ̀nà mìíràn. Láàárín nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ìyípadà méjì dé bá jíìnì yìí lára àwọn baba ńlá wa. G1 àti G2 ni wọ́n ń pè wọ́n. G1 pààrọ̀ amínò ásíìdì méjì, G2 pàdánù méjì. Nǹkan bíńtín ni, síbẹ̀ omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní G2 ń pa rhodesiense tí ti ẹlòmíràn kò rí pa. Ní Guinea, ìwádìí kan tó jáde ní 2017 rí i pé G1 pọ̀ lára àwọn tí gambiense wọ̀ lára ṣùgbọ́n tí kò dá wọn wólẹ̀.

Ogún yìí bá àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ kọjá òkun. Ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rí i pé kíndìnrín àwọn aláwọ̀ dúdú ń kọṣẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ti aláwọ̀ funfun. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní òṣì ni, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ní 2008, wọ́n dá MYH9, jíìnì tó múlé ti APOL1, lẹ́bi. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Giulio Genovese, David Friedman, Martin Pollak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí olóhun gan-an: G1 àti G2 ni. Àkọsílẹ̀ jíìnì àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n fi tọ ipa rẹ̀. Nǹkan bí 13 nínú 100 aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló jogún ẹ̀dà méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣàìsàn kankan, àfi bí nǹkan mìíràn, bíi kòkòrò HIV, bá ta jíìnì náà jí.

Àwọn kan wá ń pè é ní jíìnì aláwọ̀ dúdú. N kò gbà. Àwọn ará Etiópíà dúdú, G1 àti G2 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára wọn rárá. Ibi tí baba ńlá ẹni gbé ló ṣe é, àwọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn kan náà tó ń ka àwọ̀ ni wọ́n fi àfikún sí ìṣirò agbára kíndìnrín ẹnikẹ́ni tó bá ti dúdú, láti 1999 títí di 2021, tí kíndìnrín tó ń kú lọ fi ń dà bí èyí tó le lójú ìwé.

Nílé ńkọ́? Àbúrò bàbá mi méjì ni kíndìnrín pa láàárín ọdún mẹ́fà. Ayé ni ẹbí dá lẹ́bi. Èkejì ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí owó fi tán. Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn ti ṣe Boston lóore láti 2010, àmọ́ ó di 2024 kí ìwádìí ńlá tó jáde nípa àwa fúnra wa, láti ọwọ́ Rasheed Gbadegesin, Ifeoma Ulasi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, lára àwọn ènìyàn tó lé ní 8,000 ní Gánà àti Nàìjíríà. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn ló ní ẹ̀dà méjì. Ó lé ní mẹ́rin tó ní ẹyọ kan. Ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹyọ kan kò léwu. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹyọ kan ń fi nǹkan bí 18 nínú 100 kún ewu àìsàn kíndìnrín.

Oògùn kan tó ń dí ihò tí APOL1 ń dá, inaxaplin, ti wà lẹ́nu ìdánwò. Èsì tó jáde ní 2023 fi hàn pé ó dín purotéènì inú ìtọ̀ àwọn aláìsàn kù ní nǹkan bí ìdajì, lára ènìyàn 13 péré. Ẹ̀dà méjì ni gbogbo wọn ní. Ẹni tó ní ẹyọ kan ní Kumasi tàbí Enugu kò sí nínú ìṣirò náà. Ọ̀rọ̀ fífún ara ẹni ní kíndìnrín tún wà ńlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ló ń fún àbúrò, ọmọ ló ń fún ìyá, àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n jọ jogún G1 kan náà. Mo fẹ́ kí àwọn dókítà wa máa yẹ èyí wò kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí i pé kíndìnrín tí wọ́n yọ lára òkú tó ní ẹ̀dà méjì máa ń tètè bàjẹ́ lára ẹni tí wọ́n fi sí.